“Àṣìṣe Awakọ̀ Ni”: Ibẹ̀ Kọ́ Ló Yẹ Kí Ọ̀rọ̀ Parí Sí

Bí bàálù bá ti ní ìṣòro níbikíbi lágbàáyé, kí wọ́n tó gbé àwọn èrò inú ẹ̀ dé ọsibítù, ìdájọ́ ti dé orí fóònù wa: “Àṣìṣe awakọ̀ ni.” Ẹnì kan á ní awakọ̀ náà mutí ni. Ẹlòmíì á ní ṣe ló sùn lọ. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ mìíràn ti gba ìgboro, a ti gbàgbé.

Èmi ò sọ pé awakọ̀ bàálù kì í ṣàṣìṣe o. Wọ́n ń ṣe é, àṣìṣe wọn sì ti pa ọ̀pọ̀ èèyàn. Ohun tí mò ń sọ ni pé tẹ́ ẹ bá gbọ́ “àṣìṣe awakọ̀”, ẹ má rò pé wọ́n ti dáhùn ìbéèrè yín. Ìgbà yẹn gan-an ni ìbéèrè ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kí ló mú kí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Tí ẹlòmíì ló bá jókòó sórí àga yẹn lálẹ́ ọjọ́ yẹn ńkọ́, ṣé kò ní ṣe ohun kan náà?

Ìtàn kan wà tí mo fẹ́ fi ṣàlàyé. Amẹ́ríkà ló ti ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó kú níbẹ̀, kò sẹ́ni tó fara pa, bàálù náà ò tiẹ̀ ní ìhà kankan tó ha. Ìdí tí mo fi yàn án gan-an nìyẹn. Nígbà tí òkú bá wà nílẹ̀, ẹkún àti ìbínú kì í jẹ́ kéèyàn ráyè ronú. Ibi tí òkú ò sí yìí, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wò ó.

Ohun tó ṣẹlẹ̀

Ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2017 ni. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin kí aago méjìlá òru lù nílùú San Francisco. Bàálù Airbus A320 ti ilé-iṣẹ́ Air Canada, Flight 759, ń bọ̀ wá balẹ̀ láti Toronto. Èèyàn 140 ló wà nínú ẹ̀: èrò 135, òṣìṣẹ́ 5. Ojú ọ̀run mọ́ rekete, kò sójò, kò sí kùrukùru. Ẹ̀rọ bàálù náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ọ̀gá awakọ̀ tó ń wà á ti lo nǹkan bíi wákàtí 20,000 lófuurufú láyé rẹ̀, igbákejì rẹ̀ ti lo nǹkan bíi 10,000. Ẹ ò lè pe irú àwọn èèyàn wọ̀nyẹn ní ọmọ ìkọ́ṣẹ́.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya àwòrán pápákọ̀ òfurufú náà sọ́kàn. Runway ni títì gbọọrọ tí bàálù ń sá lé lórí kó tó gbéra, tó sì tún ń balẹ̀ sí. Taxiway ni ọ̀nà tóóró ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, tí bàálù ń gbà rìn jẹ́jẹ́ lọ sórí runway. Bí bàálù bá ti ń bọ̀ wá balẹ̀ ní San Francisco láti apá ibi tí Air Canada ń gbà bọ̀ lálẹ́ yẹn, runway méjì ni yóò rí tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: 28L lápá òsì, 28R lápá ọ̀tún. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ 28R, lápá ọ̀tún rẹ̀, ni Taxiway C wà. Òun náà gùn gbọọrọ, ó kọjú síbi tí runway kọjú sí.

Orí 28R ni wọ́n ní kí Air Canada balẹ̀ sí. Àmọ́ Taxiway C ló dorí kọ. Bàálù ńlá mẹ́rin sì wà lórí taxiway náà tí wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn, tí wọ́n ń dúró de ìgbà tó máa kàn wọ́n láti gbéra. Epo kún inú wọn. Èèyàn rẹpẹtẹ ló jókòó sínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n ti de bẹ́líìtì.

Bí bàálù náà ṣe ń sún mọ́lẹ̀, ọ̀gá awakọ̀ rí iná kan tí kò yé e. Ó ní kí igbákejì òun béèrè lórí rédíò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó wà nílé ìṣọ́ pé àwọn ń rí iná lórí runway o, ṣé lóòótọ́ ni àwọn lè balẹ̀? Òṣìṣẹ́ náà wo ẹ̀rọ rẹ̀, ó wo ìta, ó dá a lóhùn pé kó balẹ̀ sí 28R, pé kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Òótọ́ ló sọ! Kò sẹ́nì kankan lórí 28R. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ibi tí awakọ̀ ń wò kì í ṣe 28R.

Ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ tó wà nílẹ̀ ló pariwo lórí rédíò pé níbo ni ọ̀gbẹ́ni yìí ń lọ, orí taxiway ló wà yìí. Àwọn tó wà nínú bàálù kejì, ti Philippine Airlines, yára tan iná ńlá wọn kó lè rí wọn. Air Canada kọjá lórí bàálù àkọ́kọ́ ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 100 sílẹ̀. Ó tún sọ̀ sí i títí dé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 60, ìyẹn bíi mítà 18, gíga ilé alájà mẹ́fà. Bàálù kejì yẹn, Airbus A340 ni, ìrù rẹ̀ nìkan ga ju ẹsẹ̀ bàtà 50 lọ. Ẹ bá mi ṣe ìṣirò ẹ̀.

Àwọn awakọ̀ méjèèjì ti fura kí ilé ìṣọ́ tó sọ̀rọ̀. Igbákejì pariwo pé kí wọ́n gbéra padà, ọ̀gá náà sì ti ń fà á sókè. Ìgbà tí wọ́n ti ń gòkè ni òṣìṣẹ́ ilé ìṣọ́ tó sọ fún wọn pé kí wọ́n má balẹ̀ mọ́. Wọ́n yí po, wọ́n padà wá, wọ́n balẹ̀ sórí 28R wọ́ọ́rọ́wọ́. Ká ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ sí i ló kọjá ni, ó ṣeé ṣe kí alẹ́ yẹn jẹ́ alẹ́ tó burú jù lọ nínú ìtàn bàálù.

Ó dáa. Ẹ ti gbọ́ ọ tán. Ṣé àṣìṣe awakọ̀ ni àbí kì í ṣe àṣìṣe awakọ̀?

Ojú ń rí ohun tí ọkàn ti ń retí

Àṣìṣe awakọ̀ ni. Mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ tẹ̀ lé mi lọ síwájú díẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n ti ti 28L pa nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, wọ́n sì ti pa iná ẹ̀. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ń wò láti òkè, òkùnkùn ni 28L. Ohun tó ń tàn ni 28R àti Taxiway C tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, pẹ̀lú iná àwọn bàálù mẹ́rin tó tò síbẹ̀. Awakọ̀ tí kò rántí pé wọ́n ti ti ọ̀kan pa á máa wá runway méjì. Ohun gbọọrọ méjì tó ń tàn ló sì rí lóòótọ́! Ó mú èyí tó wà lápá ọ̀tún, torí ọ̀tún ni wọ́n ní kó lọ. Bí 28R ṣe di 28L lójú ẹ̀ nìyẹn, tí Taxiway C sì di 28R.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ nǹkan sórí fóònù, ẹ mọ irú ẹ̀. Ẹ ó kọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ò ní rí àṣìṣe kankan. Ẹ fi ránṣẹ́ tán, ọ̀rẹ́ yín á ní kí lo kọ yìí? Ojú yín ò fọ́. Ọpọlọ yín ló ń ka ohun tó ti mọ̀ pé ẹ fẹ́ kọ. Ọpọlọ èèyàn kì í dúró kí ojú kó gbogbo nǹkan wá fún un kó tó ṣèpinnu. Ó ti ń méfò ṣáájú, ojú kàn ń bá a yẹ̀ ẹ́ wò ni. Èyí ló ń jẹ́ ká lè ṣe nǹkan kíákíá. Òun náà ló sì ń tàn wá jẹ.

Tó bá di òru, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i. Lọ́sàn-án, awakọ̀ ń rí ilé, igi, òjìji àti àwọ̀ ilẹ̀. Gbogbo wọn ló ń bá a díwọ̀n bí nǹkan ṣe jìnnà tó àti bó ṣe tóbi tó. Lóru, gbogbo ìyẹn lọ, ìran iná nìkan ló ṣẹ́ kù. Àwọ̀ iná ló yẹ kó fìyàtọ̀ hàn: funfun ni iná ẹ̀gbẹ́ runway, àwọ̀ ewé ni iná àárín taxiway. Àmì wà níbẹ̀ tó yẹ kó sọ fún wọn pé wọ́n ti ṣìnà. Ṣùgbọ́n bí ọkàn bá ti gbà pé “runway rèé”, ohun tó ta kò ó á máa kọjá lójú bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Ohun tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ti awakọ̀ méjì yìí ni pé bàálù Delta kan ti balẹ̀ sí 28R yẹn kan náà, ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣáájú wọn. Àwọn awakọ̀ Delta sọ fún àwọn olùṣèwádìí pé àwọn náà rí iná orí Taxiway C, ó sì jọ runway lójú àwọn. Àwọn náà ń ṣiyèméjì. Ohun tó yọ wọ́n ni pé atọ́nà inú kọ̀ǹpútà bàálù wọn ń sọ fún wọn pé ojú ọ̀nà gangan ni wọ́n wà. Wọ́n gbà á gbọ́ ju ojú wọn lọ, títí wọ́n fi sún mọ́lẹ̀ dáadáa, tí wọ́n rí “28R” tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Ẹ ò rí i? Àwọn mìíràn, ilé-iṣẹ́ mìíràn, ojú mìíràn, ẹ̀tàn kan náà. Bí ohun kan bá ń tan ẹni méjì tó mọṣẹ́ jẹ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin, ẹ jẹ́ ká yẹ ohun náà wò pẹ̀lú ẹni tó tàn jẹ.

Àwọn ìlẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀

NTSB, ìyẹn àjọ tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, lo ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí kí wọ́n tó parí rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018. Ẹ rántí pé kò sẹ́ni tó kú o. Nínú ohun tí wọ́n rí, mẹ́rin wà tí mi ò lè gbàgbé.

Àkọ́kọ́: ṣé wọ́n ò sọ fún àwọn awakọ̀ náà pé wọ́n ti ti 28L pa ni? Wọ́n sọ. Ìkéde tí wọ́n máa ń kọ fún awakọ̀ kó tó gbéra ni wọ́n ń pè ní NOTAM. Nínú ìwé tí wọ́n kó fún àwọn awakọ̀ yìí, ojú ewé 8 nínú ojú ewé 27 ni ọ̀rọ̀ 28L wà. Ó há sáàárín ìkéde rẹpẹtẹ tí kò kàn wọ́n. Robert Sumwalt tó jẹ́ alága NTSB nígbà náà ò fi bò rárá: ó ní pàǹtírí tí ẹnikẹ́ni kì í kà sí ni àwọn ìkéde náà. Èèyàn tó ń ṣojú ìjọba ló sọ bẹ́ẹ̀!

Ìkejì: irú atọ́nà tó yọ Delta, Air Canada náà lè ní irú ẹ̀. Ẹ̀rọ kan wà nílẹ̀ tó ń ta ìtànṣán rédíò sókè láti júwe àárín runway fún bàálù, ILS ni wọ́n ń pè é. Àmọ́ nínú gbogbo ọ̀nà ìbalẹ̀ tó wà nínú kọ̀ǹpútà A320 ilé-iṣẹ́ náà, ti San Francisco yìí nìkan ló nílò kí awakọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ nọ́ńbà ILS sínú ẹ̀rọ. Níbi gbogbo yòókù, kọ̀ǹpútà ló máa ń ṣe é. Igbákejì ò tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá ò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ̀bi wọn ni, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ṣètò pé kí ohun tí ń ṣe ara rẹ̀ níbi gbogbo má ṣe ara rẹ̀ níbì kan ṣoṣo?

Ìkẹta: oorun. Aago méjìlá òru ní San Francisco jẹ́ aago mẹ́ta òru ní Toronto tí ara wọn ti mọ́. Ó ti lé ní wákàtí 19 tí ọ̀gá awakọ̀ náà ti jí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe àìsùn kàwé fún ìdánwò rí, ẹ mọ bí orí ṣe máa ń rí ní aago mẹ́ta òru. Ẹ ó ka ìlà kan lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó wọlé. Kọfí ò lè sọ òru di ọ̀sán fún ọpọlọ. Síbẹ̀, òfin Kánádà ìgbà náà ò sọ pé ohun tí ọ̀gá awakọ̀ yìí ń ṣe lòdì.

Ìkẹrin: òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ ẹni méjì nílé ìṣọ́ lálẹ́ yẹn. Ẹ̀rọ tó yẹ kó ta á lólobó náà ò sì lè dún, torí runway ni wọ́n ṣe é láti máa ṣọ́, wọn ò ṣe é láti mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ balẹ̀ sórí taxiway.

Ẹ fi wé ilé tí olè fẹ́ wọ̀. Gétì wà, ajá wà, ìlẹ̀kùn ní kọ́kọ́rọ́, ọdẹ ń ṣọ́nà. Olè ò lè ráyè wọlé àfi tí gétì bá ṣí sílẹ̀, tí ajá sùn, tí kọ́kọ́rọ́ sọnù, tí ọdẹ lọ ra sìgá, gbogbo ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan náà. Awakọ̀ ni ìlẹ̀kùn tó gbẹ̀yìn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òun la máa ń rí. Tá a bá wá lé ọdẹ lọ, tá a gba ọdẹ tuntun, tá ò tún gétì ṣe ńkọ́?

“Ṣé kí wọ́n má jìyà ni?”

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ ọ́ nínú. “Èèyàn tó lé ní 1,000 ì bá kú, o wá ń gbèjà wọn?”

Ìbéèrè tó dáa ni, mi ò fẹ́ sá fún un. NTSB ò gbèjà ẹnikẹ́ni. Wọ́n kọ ọ́ gbangba pé àwọn awakọ̀ náà ló ka taxiway sí runway, pé wọn ò yẹ ìkéde NOTAM wò dáadáa, pé wọn ò tẹ ILS, àti pé àárín àwọn méjèèjì ò gún bó ṣe yẹ lẹ́nu iṣẹ́. Àmọ́ wọn ò dúró síbẹ̀. Wọ́n kọ ọ̀rọ̀ oorun, wọ́n kọ bí ọpọlọ ṣe ń retí nǹkan, wọ́n sì kọ ti ilé-iṣẹ́ tó fi ọ̀rọ̀ pàtàkì pa mọ́ sáàárín pàǹtírí. Àgbà kan á ní ká kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, ká tó fàbọ̀ bá adìẹ. NTSB ṣe méjèèjì.

Èrè ẹ̀ ńkọ́? Àjọ FAA tó ń bójú tó òfurufú Amẹ́ríkà yí ìlànà padà ní San Francisco: bí wọ́n bá ti ti runway ẹ̀gbẹ́ pa lóru, awakọ̀ ò gbọdọ̀ fi ojú lásán balẹ̀ mọ́, ó gbọ́dọ̀ lo ẹ̀rọ atọ́nà. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ tó wà nílé ìṣọ́ tó ẹni méjì títí ọ̀wọ́ bàálù alẹ́ á fi tán. Kánádà gbé òfin ìsinmi tuntun fún awakọ̀ jáde lópin ọdún 2018. Nǹkan kan tún wà: ẹ̀rọ tó ń gba ohùn awakọ̀ sílẹ̀ nínú bàálù náà ò lè tọ́jú ju wákàtí méjì lọ. Kí wọ́n tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo, bàálù náà ti fò lọ síbòmíì, ohùn tuntun ti pa ti àtẹ̀yìnwá rẹ́. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 2024 ti wá ní kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ máa tọ́jú wákàtí 25.

Ká ní wọ́n kàn lé awakọ̀ méjì kúrò lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n pa fáìlì dé, èwo nínú ìyẹn ni ì bá ṣẹlẹ̀?

Ọmọdé tí ò lè sọ̀rọ̀

Ohun kan tún wà tó kan àwa ọmọ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Lálẹ́ ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 1978, bàálù DC-8 ti United Airlines, Flight 173, ń yí po lókè nítòsí Portland ní Amẹ́ríkà, torí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó fi ń balẹ̀ ní ìṣòro. Èèyàn 189 ló wà nínú ẹ̀. Ọ̀gá awakọ̀ gbájú mọ́ ẹsẹ̀ bàálù fún nǹkan bíi wákàtí kan. Epo ń lọ. Àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé epo ń lọ. Wọ́n mẹ́nu kàn án, àmọ́ wọ́n fi ẹnu wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sọ ọ́ bí ẹni tí ò fẹ́ ṣẹ ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó là á mọ́lẹ̀ pé “Ọ̀gá, epo ti fẹ́ẹ́ tán, ẹ jẹ́ ká balẹ̀ báyìí.” Ẹ́ńjìnnì kú lọ́kọ̀ọ̀kan, bàálù já sáàárín igi àti ilé, èèyàn 10 kú.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìbọ̀wọ̀ fágbà ló ń pa àwa aláwọ̀ dúdú àti àwọn ará Éṣíà lórí ọ̀rọ̀ báyìí. Mi ò gbà. Ará Amẹ́ríkà làwọn wọ̀nyí, tí ń pe ọ̀gá wọn lórúkọ. Ẹ̀rù ọ̀gá wà níbi gbogbo. Ohun tí wọ́n ṣe sí i ló yẹ ká kọ́. Láti 1981 ni United ti ń kọ́ awakọ̀ rẹ̀ bí ọmọ iṣẹ́ ṣe lè bá ọ̀gá sọ òkodoro láìfi àbùkù kàn án, àti bí ọ̀gá ṣe lè gbọ́ láìbínú. Ní báyìí, ilé-iṣẹ́ bàálù káàkiri ayé ló ń kọ́ ọ. Àwa náà ṣáà mọ̀ ọ́n tipẹ́: ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. A mọ òwe ẹ̀. Ẹnu ọmọdé la ò tíì yọ̀ǹda.

Wọ́n ti kọ irú ẹ̀ nílé wa

Tẹ́ ẹ bá rò pé ọ̀rọ̀ òkè òkun ni mò ń sọ, ẹ rántí ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2005. Bàálù DC-9 ti Sosoliso, Flight 1145, gbéra láti Àbújá lọ sí Port Harcourt. Ọ̀sán ni, àmọ́ ojú ọjọ́ ti dọ̀tí. Èèyàn tó lé ní 100 kú, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tó ń lọ sílé fún ọdún Kérésìmesì.

Àjọ tó ń ṣèwádìí ìjàǹbá òfurufú nílẹ̀ wa, AIB nígbà náà, tó ti di NSIB báyìí, sọ pé ohun tó fà á ni pé àwọn awakọ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ lọ kọjá ibi tó yẹ kí wọ́n ti gbéra padà, nígbà tí wọn ò tíì rí runway. Àṣìṣe awakọ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì pa ìwé náà dé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé atẹ́gùn àti òjò dá kún un, pé iná pápákọ̀ náà ò tàn, ó sì ṣeé ṣe kí ìyẹn wà lára ohun tí kò jẹ́ kí awakọ̀ rí runway. Ohun tí bàálù náà sì sáré lọ kọlù lẹ́yìn tó já lulẹ̀ ni gọ́tà kọnkéré tó wà nínú ọgbà pápákọ̀.

Iná tí kò tàn. Gọ́tà kọnkéré. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ “àṣìṣe awakọ̀”, bẹ́ẹ̀ wọ́n wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá ní “kádàrá ni” náà ò ní rí wọn. Mi ò bá ẹnikẹ́ni du ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ká dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ká sì tan iná runway. Bá a bá tilẹ̀ ń sunkún, à máa ń ríran.

Nítorí náà, nígbà mìíràn tí ìròyìn bá dé, tẹ́ ẹ rí “àṣìṣe awakọ̀” lórí fóònù yín, kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, ẹ bá mi béèrè nǹkan mẹ́ta. Kí ni ojú rẹ̀ ń rí lákòókò yẹn? Wákàtí mélòó ló ti jí? Ta ló wà nítòsí tó yẹ kó sọ̀rọ̀, kí ló dí i lẹ́nu? Ìbéèrè mẹ́ta yìí ṣiṣẹ́ fún nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru, ó ṣiṣẹ́ fún awakọ̀ tírélà tó ń bọ̀ láti Kánò, ó sì ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń wa bàálù tí màmá yín máa wọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Tí ìwádìí NSIB bá sì jáde, ẹ kà á. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń gbé e sí. Àwọn tó kú ò lè kà á mọ́, àwa la ṣì máa wọ bàálù.